Ọ̀pọ̀lọ́ Ẹnu Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè é. Àgádágodo ni.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Zaria kò ní béèrè ìdí. Lẹ́nu Hausa, kwaɗo ni ọ̀pọ̀lọ́, kwaɗo náà ni àgádágodo. Àwọn méjèèjì máa ń lúgọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kátífà tó wà ní Dakace yìí sanra. Ó dúdú. Ó jókòó sórí ẹ̀wọ̀n tó gba ihò ilẹ̀kùn irin já síta ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn ìránṣọ, ó dijú, bí ẹni tó jẹun yó.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ń wò ẹ́ o," Sarat, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ, a máa wí fún ẹni tó bá rìn sún mọ́ ilẹ̀kùn náà láti wá atẹ́gùn. "Ó ní kí o padà sídìí iṣẹ́ ẹ."

Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín. Simbiat nìkan ni kì í rín tirẹ̀ dénú.

Simbiat, ìyá Jamilah. Obìnrin gíga, ọlọ́wọ́ gígùn, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo ilé-ìwé. Sabon Gari ni wọ́n bí i sí, nínú yàrá tí òórùn ọ́ìlì rélùwéè kì í kúrò lára ògiri rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá. Ọmọ Ọ̀ffà ni ìyá. Simbiat fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tí o bá bi í, á ní, "Èmi? Ọmọ Zazzau." Zaria náà ni. Hausa ló fi ń nájà. Hausa ló fi ń bá aládùúgbò jà, òun náà ló fi ń parí ìjà. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ojú ọ̀nà ló ń gbé. Hausa ni wọ́n fi ń kí ara wọn lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹsẹ̀ kọ, Yorùbá ni. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí Jamilah sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di ìtàn ládùúgbò. Ó ní obìnrin yìí bá òun ṣe àwàdà ní Hausa tó já gaara, àfi ìgbà tí ìrọbí mú un, òun ò gbọ́ ọ̀kan mọ́ nínú ohun tó ń wí.

Jamilah ni àbígbẹ̀yìn. Ọmọ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín. Yorùbá kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá á sọ ọ́, ọmọ á fi Hausa dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, bí ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ gba orí ọgbà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló dúró sí ọmọ náà lára. Wá jẹun. Jókòó. Iná. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wọlé jù. Nígbà tí Jamilah ń rákò, tí àdògán èédú wà láàárín ọgbà, Simbiat kì í ṣàlàyé. Á kàn gbá ọwọ́ kékeré náà, pà! "Iná! Iná o!" Ọwọ́ á padà. Ọmọ á sunkún. Ọ̀rọ̀ á dúró.

Simbiat ló mú Jamilah wọ ilé-iṣẹ́ kátífà. Kò sẹ́lòmíì. Òun ló bẹ ọ̀gá, òun ló ní ọmọ òun mọ aṣọ rán ju òun lọ. Wọ́n gbà á. Wọ́n fún un ní maṣíìnì tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn irin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀pọ̀lọ́.

Gbọ̀ngàn náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ikùn ìgò. Iwájú ni ẹnu ìgò wà, ilẹ̀kùn gbàgàdà kan tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, tí gbogbo ẹrù ń gbà jáde. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni àwọn ọkùnrin ti ń gé fóòmù. Wáyà ni wọ́n fi ń gé e, wáyà tín-ínrín tí iná mànàmáná máa ń mú gbóná, tí yóò sì máa la inú fóòmù kọjá bí ọ̀bẹ nínú ẹ̀kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgé, àwọn dúrọ́ọ̀mù gáàmù. Lẹ́yìn ìyẹn, maṣíìnì, ìlà lẹ́yìn ìlà, àwọn obìnrin. Lẹ́yìn àwọn obìnrin, kátífà tó ti parí, tí wọ́n tò ga dé ibi ihò atẹ́gùn lókè ògiri. Lẹ́yìn kátífà, ilẹ̀kùn irin. Fèrèsé wà. Irin wà lójú fèrèsé.

Simbiat ti rò ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, ojú lórí abẹ́rẹ́. Ohun tó lè jó wọn wà níwájú. Ohun tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ wà lẹ́yìn, a sì ti tì í pa. Àwọn ni wọ́n wà láàárín, bí ẹ̀wà inú ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn panápaná wá, Ọ̀pọ̀lọ́ kò sí nílé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbayawu láti òwúrọ̀. Atẹ́gùn wọlé. Òórùn koríko wọlé, òórùn bulọ́ọ̀kù tútù láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mọ ọ́n lẹ́yìn ògiri. Sarat dúró lẹ́nu ọ̀nà náà, ó na apá méjèèjì. "Ẹ̀yin ènìyàn," ó ní, "kí àlejò máa wá lójoojúmọ́."

Ọ̀gá panápaná jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó kọ́ wọn bí a ti ń fa ìdí agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná, bí a ti ń fi aṣọ tútù bo imú. Ó ní èéfín fóòmù kì í ṣe èéfín igi ìdáná. Òkè ló ń lọ, májèlé ni, ẹni tó bá dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ kò ní dúró pẹ́. Kí wọ́n kúnlẹ̀. Kí wọ́n rákò. Lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tí ohùn rẹ̀ dún jù nínú gbọ̀ngàn.

Gbogbo ìka nà sí Simbiat.

"Ìyẹn ò tiẹ̀ ní ìbéèrè," ni Sarat wí. "Tí èyí bá sín, Kaduna á ní pẹ̀lẹ́."

Wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn kan sí Simbiat lọ́rùn, èyí tí kò lápá. Òun ni olùṣọ́. Bí iná bá sọ, òun ni yóò ké.

"Ké e ká gbọ́," ni ọ̀gá panápaná wí. "Bí ẹni pé ó ti ń jó."

Simbiat fa èémí sínú. Ó ya ẹnu. "Wuta! Wuta!"

Kò sí iná mànàmáná láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó sì ń jẹ́ wuta lẹ́nu Hausa nìyẹn pẹ̀lú, iná ìdáná àti iná òpó, ọ̀kan náà ni. Gbọ̀ngàn hó gèè. "NẸ́PÀ!" Àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, gúdà, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin Hausa, sọ lẹ́nu wọn. Ladidi, ọmọbìnrin Birnin Zazzau tó ń rán etí kátífà, sáré lọ ki fóònù rẹ̀ bọ ojú iná. Jamilah tẹ pẹ́dàlì títí. Maṣíìnì kò lọ. "Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa o!" ó fi Hausa kígbe láti ìpẹ̀kun.

Ọ̀gá panápaná rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà gbẹ. Ó wo àwọn obìnrin tó dúró, tí wọ́n gbójú sókè sí gílóòbù, tí wọ́n ń retí.

"Gbogbo yín ti kú," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ní kí wọ́n fi wuta sílẹ̀. Gobara ni kí wọ́n máa ké. Gobara kò mọ ọ̀nà méjì, iná tó ń jólé nìkan ni. Wọ́n ké e pọ̀. Wọ́n tún un ké.

"Yorùbá náà ò sàn jù," ni Simbiat wí nígbà tí wọ́n jókòó. "Iná dé. Iná lọ. Iná ń jó. Iná náà ni."

"Tiyín tiẹ̀ ti burú jù," ni Sarat dáhùn, bí ẹni pé Yorùbá kọ́ lòun náà. "Ina lẹ́nu Hausa, ibo ni. Ẹ ké iná fún Ladidi, á rò pé ẹ ń wá nǹkan ni. Á ní, 'Ina me, Mama?' Kí ẹ tó ṣàlàyé tán, ẹ ti di súyà."

Gbogbo wọn rín ìyẹn dénú. Títí kan Simbiat.

Nílé, bó ṣe ń fọ abọ́, ó ń ké e. Gobara. Gobara. Jamilah dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀pọ̀lọ́ ti padà.

Simbiat kò jókòó. Ó gba ọ́fíìsì Gilbert lọ. Alhaji ló ni ilé-iṣẹ́, Gilbert ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ Yorùbá onígbàgbọ́, ìdílé rélùwéè ni tirẹ̀ náà; àwọn bàbá wọn jọ mu tíì nínú ife kan náà rí. Simbiat ń fi ẹ pè é nítorí ọ̀gá ni. Gilbert ń fi ẹ pè é nítorí àgbà ni. Kò sí ẹni tó lè jágbe mọ́ ẹnìkejì.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ti dé."

Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ó ń yí ọwọ́ bíírò lórí tábìlì. "Màmá, ẹ rántí bí kátífà ṣe ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gba ẹnu ọ̀nà yẹn nígbà ọyẹ́. Alhaji ní bí ọ̀kan bá tún rìn, èmi náà á bá a rìn."

"Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wa nígbà náà."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lápò mi."

"Bí ẹ bá lọ ṣe gáà ńkọ́?"

"Mo ń mú un lọ."

"Bí ẹ bá wà ní Kaduna?"

Ó gbójú sókè. Ojú tó rẹ̀. "Màmá, ẹ rò pé mò ń sùn?"

"Ọ̀gá, a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ ni òrùlé náà."

Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sì purọ́. Simbiat dúró díẹ̀ sí i, ó ń wo àpò ṣòkòtò rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ náà ti yọ bí egungun. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí maṣíìnì.

Ó gbìyànjú láti mú Jamilah kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Jamilah wò ó bí ẹni tó ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ló ti ní ọ̀rẹ́. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó mọ nǹkan ṣe.

"Mama," ó ní, "ina zan je?"

Ibo ni kí n lọ. Ibo ni Simbiat náà fẹ́ lọ?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ooru tó ń mú kí ewúrẹ́ Dakace máa sùn lábẹ́ mọ́tò. Kò sí iná. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí òun náà lè sinmi. Gilbert wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, lódìkejì ọgbà. Àwọn obìnrin nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti kírun tiwọn ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ palẹ̀.

Lórí tábìlì ìgé, wáyà dùbúlẹ̀ sórí fóòmù. Bí iná ṣe lọ lówùúrọ̀ náà, ó lọ lójijì, ẹni tó ń gé e sì sọ wáyà sílẹ̀ níbi tó bá a dé. Kò pa súwíìṣì; jẹnẹrétọ̀ kò lágbára láti gbé wáyà yẹn. Ta ló máa ń rántí pa ohun tó ti kú fúnra rẹ̀? Gbogbo Zaria ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná á lọ, a ó fi súwíìṣì sílẹ̀ ní títàn, kí a lè mọ̀ nígbà tó bá padà. Bí a ṣe ń retí nìyẹn.

Ó padà.

Fáànù mì. Gílóòbù tàn. "Wuta! An kawo wuta!" Gúdà ta. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà lẹ́yìn ìlà. Simbiat náà hó. Ó ju egungun ẹja sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì hó bíi tiwọn.

Òórùn kan.

Ó yíjú. Lórí fóòmù funfun náà, ìlà kan ń rìn. Búlúù, lẹ́yìn náà pupa. Ó kéré. Ó ń lá fóòmù bí ahọ́n ológbò. Ibi tó bá lá kì í sí mọ́.

Gobara wà lẹ́nu Simbiat. Ẹ jẹ́ kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ó ti kọ́ ọ, ó ti ké e mọ́ abọ́, ó ti fi í lálàá. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn eyín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í gba ibi tí a kọ́ ọ sí. Ibi tí wọ́n bí i sí ló ń gbà.

"Iná!" ó ké. "Iná o! Iná!"

"A ti rí i, Màmá!" Sarat ń yí ìdí lórí àga rẹ̀. "Iná ti dé!"

"Ina me, Mama?" Ladidi gbé ojú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń wá?"

"Ga ta nan!" Ẹlòmíì na ìka sí gílóòbù. Òun nìyí. Ẹ̀rín.

Simbiat ń na ọwọ́ sí tábìlì ìgé, wọ́n rò pé ijó ló ń jó. "Iná!" Ahọ́n náà ti di ọwọ́. Ọwọ́ náà ti di ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù mú. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí kò lọ́nà méjì, kò rí i. Iná ni ó rí. Iná nìkan ló kù nínú ọ̀fun rẹ̀.

Ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, Jamilah yọ ọwọ́ kúrò lórí maṣíìnì. Kíá. Bí ẹni tí wọ́n gbá lọ́wọ́. Kò wo gílóòbù. Kò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá. Ojú ìyá rẹ̀ ló wò.

"Gobara!" ni Jamilah ké. "Gobara!"

Ìgbà yẹn ni orí yí padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i.

Dúrọ́ọ̀mù gáàmù sọ. Kò dún bí ìbọn. Ó dún bí aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ gbé. Ilẹ̀kùn iwájú kò sí mọ́. Èéfín dúdú ló dúró síbẹ̀, ó ga, ó sì ń rìn bọ̀. Wọ́n sá. Ibo ni wọ́n fẹ́ sá sí? Ẹ̀yìn. Wọ́n fo orí maṣíìnì, wọ́n tẹ oúnjẹ ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n dé ìdí kátífà, wọ́n dé ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀lọ́ dijú.

Wọ́n fi ayọ́ọ̀nù lù ú. Wọ́n fi orí maṣíìnì lù ú. Ladidi ki sísọ́ọ̀sì bọ inú ẹ̀wọ̀n, sísọ́ọ̀sì kán. Wọ́n fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Irin. Ẹnìkan ń ka ìgbàgbọ́. Ẹnìkan ń pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ kúnlẹ̀!" Ohùn Simbiat ti padà. "Gbogbo yín, ẹ wólẹ̀!" Ó já àpò omi inú ọ̀rá tó wà nílẹ̀, wọ́n ń fi eyín ya á, wọ́n ń da á sí híjàbù, wọ́n ń bo imú. Imú sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ihò tín-ín-tín kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí Jamilah ti ń gba atẹ́gùn lọ́jọ́ ooru. Ènìyàn méjì ni ẹnu wọn lè dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń pààrọ̀.

Jamilah ńkọ́?

Ó ti gun kátífà. Ó ń gòkè lọ bí ọmọ tó ń ká máńgòrò, ó ń tẹ orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, títí ojú rẹ̀ fi kan ihò bulọ́ọ̀kù tó wà lókè ògiri. Ó ti ẹnu bọ ibẹ̀. "Gobara! Ẹ̀yin ará! Gobara!"

Òkè ni èéfín ń lọ.

Simbiat rántí ọkùnrin kúkúrú, fìlà lọ́wọ́. Òkè ló ń lọ. Ó nàró, ó gun kátífà ìsàlẹ̀, ó di kókósẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Láti fà á wálẹ̀. Ó fà á. Jamilah ta á nípàá. Ó tún ké e síta, ohùn rẹ̀ ti ń ya bí aṣọ gbígbó.

Bí ó bá fà á wálẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn. Bí ó bá fi í sílẹ̀, èéfín náà ni yóò mú un. Àwọn obìnrin ń wú ikọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Sarat wà níbẹ̀, Ladidi wà níbẹ̀, ọmọ ẹnìkan ni ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn.

Kò fà á. Kò sì fi í sílẹ̀. Ó di kókósẹ̀ náà mú ṣinṣin, ó gbá ojú mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, ó ń gbọ́ igbe kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gba inú egungun kọjá. Gobara. Egungun á mì. Gobara. Á tún mì. Lẹ́yìn náà kò mì mọ́. Ẹsẹ̀ náà rọ̀. Jamilah yọ̀ wálẹ̀ lé e lórí, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì jọ ṣubú.

Òde ń dún. Irin lórí irin.

Ohun tí wọ́n wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé àwọn tó ń mọ bulọ́ọ̀kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Wọ́n gbọ́ ariwo àkọ́kọ́, wuta, wuta, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́; iná ti dé sí Dakace. Wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ. Ọ̀rọ̀ kejì ló dá wọn dúró. Gilbert sáré yí ilé ká, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó fa Ọ̀pọ̀lọ́ gba ojú ihò ẹ̀wọ̀n síta, ó ń ki kọ́kọ́rọ́ kiri, kọ́kọ́rọ́ kò rí ihò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń mọ bulọ́ọ̀kù tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi dígà já ẹ̀wọ̀n náà. Kò kan Ọ̀pọ̀lọ́ rárá. Ọ̀pọ̀lọ́ jábọ́ sínú koríko pẹ̀lú ojú dídì rẹ̀, ó ṣì wà ní títì.

Kò sí ẹni tó kù sínú ilé. Wọ́n ní kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́. Apá Sarat jóná, ó sàn, ó fi àpá sílẹ̀. Jamilah pẹ́ ní ọsibítù. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín rẹ̀ bá a jáde, ohùn rẹ̀ kò bá a. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ rí hàì-hàì, bí ewé gbígbẹ lórí sìmẹ́ńtì. O ní láti sún mọ́ ọn kí o tó gbọ́.

Wọ́n tún gbọ̀ngàn kọ́. Òrùlé tuntun, ọ̀dà tuntun. Kò pẹ́ tí Jamilah fi ní òun fẹ́ padà.

"O ò ní padà síbẹ̀."

"Mama." Ohùn ewé gbígbẹ. "Ina zan je?"

Ọwọ́ Simbiat fò sókè lójijì, kó tó rántí pé ibo ni ọmọ náà ń béèrè. Jamilah rí i. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jọ padà ni.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àlejò wá, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀wọ̀n tuntun. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, Ọ̀pọ̀lọ́ tuntun, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ṣí. "A ò ní tì í," ni Gilbert wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni. Bí Alhaji ṣe fẹ́ nìyẹn." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọwọ́ ẹnìkan ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ní kùtùkùtù, ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún.

Ní òwúrọ̀ kan, bí agbálẹ̀ ṣe ń da pàǹtírí nù lẹ́yìn, Simbiat lọ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀lọ́ rọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n, ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó yọ ọ́. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ. Dúrọ́ọ̀mù omi òjò kan wà lẹ́yìn ògiri. Ó sọ ọ́ sínú rẹ̀. Gbúlúù.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ló lomi," ó wí sínú ara rẹ̀, ó padà lọ jókòó.

Kò pẹ́ tí Gilbert fi dé. Ó dé ìpẹ̀kun, ó rí ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ lásán. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn kátífà. Ojú rẹ̀ yí padà, ojú ẹni tó ń gbọ́ ohùn Alhaji láti ọ̀nà jíjìn. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn, maṣíìnì ń hó, ó sì fi gbogbo agbára ké e ní Hausa, èdè tí gbogbo wọn gbọ́.

"Ina kwaɗon nan? Ina? Ina?"

Maṣíìnì dákẹ́.

Gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà.

Ladidi ló kọ́kọ́ dìde. Sarat, apá alápàá, kò mú bàtà. Wọn kò ké. Wọn kò tì ara wọn. Wọ́n pa súwíìṣì, wọ́n bo imú, wọ́n tẹ̀ba, ìlà lẹ́yìn ìlà, wọ́n sì ṣàn kọjá lára Gilbert bí omi ṣe ń ṣàn kọjá lára òpó, wọ́n gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sínú oòrùn. Jamilah wà nínú wọn. Simbiat ló kẹ́yìn, ó wo abẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan kó tó jáde.

Gilbert nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn. Ó dúró. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà òun náà gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò gba ibẹ̀ rí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ó béèrè. "Níbo ló ti ń jó?"

"Ẹ̀yin lẹ ké iná, ọ̀gá," ni Simbiat wí.

"Àgádágodo ni mo béèrè."

"A ò mọ̀."

Ó wo àwọn obìnrin náà, tí wọ́n dúró nínú koríko, tí híjàbù bo imú wọn. Ó wo Jamilah. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn, láti ìta, láti ibi tó dúró sí lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn tí kọ́kọ́rọ́ kò rí ihò. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, ó wò ó lọ́wọ́, bí ẹni pé ó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Kò béèrè Ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn.

Simbiat mọ̀ pé òmíràn wà lọ́jà. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í tán ní Zaria. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù omi náà jìn nínú, àyè òmíràn ṣì wà. Ó gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì padà wọlé lọ ránṣọ.